Mo Kọ Ìwé Yìí

"Ẹ pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan sí i," ni géètì wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè é. Ọ̀fìnkìn ló mú mi láti ìjẹta, ohùn mi sì ti há débi pé èmi gan-an ò dá a mọ̀ mọ́. Mo húkọ́, mo gbé itọ́ mì, mo tún un pè: "Mojíbádé Arówólò, elétí, Àká Ọ̀rọ̀, ẹ̀ka ti Ìbàdàn." Géètì dákẹ́, ó ń rò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yá aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣí.

"O kú oríire," ni Tísà Ọ̀jẹ́lábí wí lẹ́yìn mi. "Lọ́jọ́ tí kò bá dá ọ lóhùn mọ́, àyè ń bẹ lórí kẹ́ẹ̀gì mi. Ó gba ìdí méjì."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Tísà. Ẹ wọlé, mo ti pẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti dí i lóhùn. Tísà ni lóòótọ́, ọmọ iléèwé ló ń kọ́. Ìwé ìtàn kan tí Àká, ilé iṣẹ́ wa, ti fà padà ló kà sókè fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láìwo wàláà tí a fi ń kàwé, wọ́n sì dí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn tó ń dá a lóhùn, kò sí bọ́ọ̀sì tó ń dúró fún un. Ọgbà wa nìkan ló ṣì ní ẹ̀rọ omi àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣí, àmọ́ géètì ló ṣáájú ẹ̀rọ omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó síta láràárọ̀, tó ń dúró de ẹni tí ohùn rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Lókè géètì ni etí wà. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Wọn ò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan ń bọ̀ wá rà á fún un. Etí náà ò ju ìdérí ìgò lọ, gílóòbù kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí gílóòbù bá ti pọ́n, wọ́n ti gbọ́ ọ nìyẹn. Tísà gbé orí sókè sí i, ó ka ìlà mẹ́ta gbáko nínú ìwé tí wọ́n torí rẹ̀ dí i, ketekete, bí ẹni pé kíláàsì ṣì wà níwájú rẹ̀.

Mo wo gílóòbù. Kò pọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé etí yẹn ti bàjẹ́, n óò sọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.

"Ẹ̀rù ò bà yín ni, Tísà?"

"Ẹ̀rù kí ni? Mo ti kú létí wọn. Ta ní ń pe òkú lẹ́jọ́?"

Mo fi í sílẹ̀ nídìí omi, mo wọlé.

Ọ̀gá Lápàdé kì í wá sídìí tábìlì mi. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi jẹ́ ọ̀gá mi, bó bá sì fẹ́ rí mi, pípè ló ń pè mí. Bí mo ṣe rí kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ lórí tábìlì mi láàárọ̀ yẹn, tó ń rú èéfín, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀.

"Mojíbádé, káàárọ̀. Ẹjọ́ kan ṣoṣo lo ní lónìí. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wàá sì máa lọ sílé lọ tọ́jú ọ̀fìnkìn rẹ."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹjọ́ ta ni?"

Ó ti wàláà sọ́dọ̀ mi. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀ ni Wúràọlá Òjéléye. Ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí: *Ẹnu Àwẹ̀ró*.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe fúnra mi, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ogún ọdún sẹ́yìn ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Àká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ìwé jọ ni. Lóde òní, kò sẹ́ni tó ní ìwé mọ́, yíyá ni gbogbo wa ń yá a lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá fà á padà, ojú wàláà rẹ á funfun báláú, kò sì sí ohun tó o lè ṣe. Nígbà yẹn, ilé dé ilé là ń lọ bá àwọn òǹkọ̀wé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùn kan kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ nítorí pé ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í jáde létí mi mọ́. Láti kékeré ni mo ti rí bẹ́ẹ̀, ìyá mi ní àfi bí ẹni tó jẹ ìsọ̀yè. Iṣẹ́ mi ò le. Màá ka àdéhùn fún òǹkọ̀wé, òǹkọ̀wé á sọ sínú ẹ̀rọ pé "mo kọ ìwé yìí," gílóòbù ara ẹ̀rọ á yọ iná àwọ̀ ewé, ó parí. Gbólóhùn yẹn ni ìfọwọ́sí.

Ilé Wúràọlá Òjéléye, Ìyá Àwẹ̀ró, ni ilé kọkànlá tí mo yà lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́wàá ti lé mi. Ọ̀gá tí mo ní nígbà yẹn ti sọ fún mi pé bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, kí n má wulẹ̀ padà mọ́. Òjò ńlá ń rọ̀. Obìnrin náà mú mi wọlé, ó fún mi ní tówẹ́ẹ̀lì, ó bu omi fún mi mu. Kò tíì pé ọdún kan tó sin ọmọ rẹ̀, Àwẹ̀ró, ẹni ọdún mẹ́sàn-án. Ibà ló pa á. Ìwé náà kò ní ìtàn kankan nínú, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà ni, láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí pé òjò ò jẹ́ kí n lọ, obìnrin náà jókòó tì mí, ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibì kan wà tó rẹ́rìn-ín, ibì kan wà tó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè máa bá a lọ.

Nígbà tó parí, mo ka àdéhùn. Mo dé ibi tó ti sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà di ti Àká lórí wàláà, lórí pépà, àti lẹ́nu. Ó na ọwọ́ sókè.

"Lẹ́nu ta?"

"Lẹ́nu gbogbo èèyàn, mà."

"Lẹ́nu tèmi náà?"

Mi ò mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé ọwọ́ lé pépà àdéhùn náà, ó tì í gba orí tábìlì títí tó fi já sí mi lẹ́sẹ̀. "Mo kọ ìwé yìí," ó wí.

Gílóòbù tó wà lọ́rùn mi yọ iná àwọ̀ ewé.

Mo ti dé ojú títì kí ẹ̀rọ tó bi mí pé, "Elétí, kí lẹ gbọ́?" Aṣọ mi ti rin gbingbin, ebi ń pa mí. Mo mọ ohun tí mo gbọ́, mo sì mọ ohun tí mo rí. Mo dáhùn pé, "Ìfọwọ́sí." Ọ̀rọ̀ kan péré. Irọ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"O rántí rẹ̀?" Ọ̀gá Lápàdé bi mí.

"Mo rántí, sà."

"Ó dáa. A ti fa ìwé náà padà lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó ń yá a. Ṣùgbọ́n màmá yìí ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kiri inú ilé, nígbà tó bá ń fọ abọ́. Etí ilé rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di ìkẹta, a óò dí i lóhùn, ó sì mọ̀. Ó wá gbé wa lọ sẹ́jọ́, ó lóun ò fọwọ́ sí nǹkan kan rí." Ó gbé pépà kan lé iwájú mi. "Ẹ̀rí rẹ rèé. Mo ti ní kí wọ́n bá ọ kọ ọ́. Kà á níwájú Adájọ́, kó o jókòó."

Mo kà á. Ìlà mẹ́rin ni. Ó ní ìfọwọ́sí ni mo gbọ́, ara òǹkọ̀wé sì yá gágá nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Ara rẹ̀ yá gágá! Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ!

"Ọ̀gá, bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni mo gbọ́ ńkọ́?"

Ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀, kò kánjú. "Ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló wà nínú àká wa tó jẹ́ gbólóhùn yẹn ni òpó tó gbé e ró. Bí ẹnìkan bá yọ òpó kan, gbogbo wọn ló máa fẹ́ yọ tiwọn. Elétí tó bá sì yí ohun tó gbọ́ padà, o mọ òfin rẹ̀." Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìfẹ́dàpọ̀ ńkọ́? Oyún ti pé oṣù mélòó báyìí?"

"Méje, sà."

"Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. O ṣì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ ọmọ rẹ, àbí?"

Bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba èèyàn níbí nìyẹn, pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Ìfẹ́dàpọ̀ ni ọmọ mi kan ṣoṣo, Kánádà ló ń gbé. Ohùn mi ni kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí wọ́n bá dí lóhùn, ẹ̀rọ kankan kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì mi títí tí tíì tó fi sílẹ̀ fi tutù.

Àga méjìdínlógún ló wà nínú yàrá ẹjọ́, gbogbo wọn ló kún, torí àdúgbò tẹ̀ lé Ìyá Àwẹ̀ró wá. Adájọ́ kì í ṣe èèyàn. Gíláàsì dúdú kan ni lára ògiri, ohùn rẹ̀ dà bíi ti obìnrin tó ń ka ìròyìn, kì í gbóná, kì í tutù. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kékeré kan ń rìn láàárín àga, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró wọlé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, wàláà àtijọ́ kan sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Nígbà tó jókòó, ó gbé wàláà náà lé itan, ó yí ojú rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè rí i. Funfun báláú.

"Ẹ wo ìwé mi," ó wí. "Ibi tí ọmọ mi wà tẹ́lẹ̀ rèé."

Adájọ́ ní kí á fetí sílẹ̀, ó sì gbé ohùn ogún ọdún sẹ́yìn jáde. A gbọ́ òjò lórí páànù. A gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń ka àdéhùn, tó ń kánjú, èmi ni. A wá gbọ́ ọ: *Mo kọ ìwé yìí.*

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ni Ọ̀gá Lápàdé wí. Òun ló dúró fún Àká. "Ó lóun kọ ìwé. Ta ni kò mọ̀ pé òun ló kọ ọ́?"

Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dákun. Ọkọ mi kọ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kó tó fẹ́ mi. Ṣé bíró ló mú, tó kọ ìyàwó sórí pépà?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ọ̀gá Lápàdé wò mí, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ ṣàlàyé," ni Adájọ́ wí.

"Kò sí àlàyé níbẹ̀. Ìwé ń bẹ tí à ń kà, ìwé ń bẹ tí à ń fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo kọ̀ ọ́. Mo tì í dà nù lórí tábìlì. Ẹ̀rọ yín ò lójú, kò rí ọwọ́ mi, etí nìkan ló ní." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò wá jà. Ohun tí mò ń wá ni kí n lè máa sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi nínú ilé ara mi. Mo ti ń gbàgbé. Bí mi ò bá sọ ọ́ jáde, sísá ló ń sá. Ó kù díẹ̀ kó tán."

Adájọ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ibi tí èdè wa ti ń fi ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ rèé. Gbogbo elétí ló mọ̀ ọ́n. Bí *kọ̀* bá dá dúró, ohùn rẹ̀ á balẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ẹnìkan kò gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bí *ìwé* tàbí *ìyàwó* tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á sá wọlé, *kọ̀* á di *kọ*, a ò wá ní mọ ẹni tó mú bíró yàtọ̀ sí ẹni tó ju pépà nù. Ìdí tí òfin fi ní kí wọ́n máa pe èèyàn ẹlẹ́ran-ara nìyẹn. Ohun tí elétí bá gbọ́ ni òfin gbọ́.

"Gbólóhùn náà ní ìtumọ̀ méjì," ni Adájọ́ wí. "Elétí, ẹ dìde. Kí lẹ gbọ́?"

Mo dìde. Pépà Ọ̀gá Lápàdé wà lọ́wọ́ mi. Mo húkọ́, mo ní, "Orúkọ mi ni Mojíbádé Arówólò."

Ìyá Àwẹ̀ró yí ọrùn. Kò wo ojú mi, ó dẹ etí sí mi ni. "Ìwọ ni," ó wí. "Ohùn rẹ ti kẹ̀, àmọ́ ìwọ ni. Mo bu omi fún ọ lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kọ́ọ̀bù méjì lo mu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ká ní ó bú mi ni, ìbá rọrùn. Mo bá a wo wàláà funfun tó wà lórí itan rẹ̀, mo wá ronú kan Ìfẹ́dàpọ̀, ikùn rẹ̀ tó ti yọ, bó ṣe máa ń pè mí ní Màámi nínú ẹ̀rọ. Bí èèyàn kan bá wá sọ fún mi lọ́la pé ohùn Ìfẹ́dàpọ̀ ti di ti ilé iṣẹ́ kan, kí n má ṣe tún un sọ lẹ́nu mi mọ́, kí ni màá ṣe fún onítọ̀hún? Ojú tì mí. Ogún ọdún ni ojú ti ń tì mí, mo kàn fi iṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Irọ́ á sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ máa bá a, àwọn àgbà ò purọ́.

Mo gbé pépà náà sókè. Mo mọ ibi tí ìdẹkùn wà. Bí mo bá sọ pé mo kọ ìwé yìí, wọ́n á kà á sí ìfọwọ́sí, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ìwé ṣáájú, mo fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn pátápátá, níbi tí kò ti ní ẹni tí yóò sá fún.

"Ìwé yìí ni mo kọ̀," mo wí, mo sì tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi dùn mí. Mo ju pépà sílẹ̀. "Òun náà sì kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo parọ́ pé ìfọwọ́sí ni mo gbọ́. Ẹ dá ọmọ obìnrin yìí padà fún un."

Ariwo ta. Ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Lápàdé kò mira rárá, ó kàn ń wo gíláàsì bí ẹni tó ti mọ ibi tí yóò já sí. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Elétí ti jẹ́wọ́ pé òun parọ́," ni Adájọ́ wí. "Etí tó bá parọ́ kì í ṣe etí mọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ti òní kò sí, nítorí kò sí etí tó jẹ́ ẹ. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti wọ inú àká ṣáájú ìjẹ́wọ́ rẹ̀, kò ṣeé fà yọ. Gbólóhùn náà dúró bó ṣe wà. Ìwé náà jẹ́ ti Àká."

"Kí ló sọ?" Ìyá Àwẹ̀ró bi mí. "Mi ò gbọ́ ọ yé."

Ó rí ojú mi, ó sì yé e. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó wo gíláàsì náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá yí ohùn rẹ̀ padà, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ọmọdé:

"Màámi, òjò ò lẹ́sẹ̀, kí ló fi ń sáré?"

Gílóòbù tó wà lókè ògiri pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ìkìlọ̀ kẹta," ni Adájọ́ wí. "Wúràọlá Òjéléye, a ti dí yín lóhùn. Mojíbádé Arówólò, a ti dí yín lóhùn. Ó tán."

Kò dùn mí. Mo rò pé màá mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, àmọ́ n kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Adájọ́, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi." Kò dáhùn. Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀. Ohùn tó ń ka ìròyìn náà ní, "Kò sí ẹni tó kù nínú ẹjọ́ yìí," ó sì dín iná yàrá kù sí wa lórí. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ bọ́ sẹ́sẹ̀ mi. Kò bẹ̀ mí mọ́. Ó kọlù mí, ó padà, ó tún kọlù mí, bó ṣe ń ṣe sí ẹsẹ̀ àga.

Ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò ló bá wa ṣí ilẹ̀kùn. Kò lè wò wá lójú. Wọ́n jáde níwájú wa, wọ́n gba géètì kọjá, ó sì padé kí ẹsẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró tó dé ibẹ̀, torí kò lè yára, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣí fún àlejò.

Ọ̀sán gangan ni. Tísà Ọ̀jẹ́lábí jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tó ti kún, òun náà ò lè gbé e yára bá wọn jáde, ó ń dúró. "Ṣé ẹ ti parí? Bá mi ṣí i, ọ̀rẹ́ mi, oòrùn ti fẹ́ pa mí."

"Mojíbádé Arówólò," mo sọ fún géètì. Mo dúró. Mo sọ ọ́ láìhúkọ́, ohùn mi mọ́ ju ti àárọ̀ lọ. Géètì ò wulẹ̀ ní kí n tún un pè.

Tísà wò mí, ó wo ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Háà," ó wí. "Ìwọ náà." Ó sún kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì kí màmá lè jókòó.

Mo wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá Lápàdé ń bẹ lójú fèrèsé òkè, kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mi ni ojú rẹ̀ ń wò, bí ẹni pé géètì nìkan ló rí. Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Ọjọ́ Àìkú á dé, Ìfẹ́dàpọ̀ á máa dúró de ohùn mi, á rò pé mo ti kú. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, mi ò tijú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àwẹ̀ró ò bá mi wí, kò sì ní kí n dákẹ́. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nídìí abọ́. "Màámi, òjò ò lẹ́sẹ̀, kí ló fi ń sáré? Màámi, ta ló kọ́kọ́ pe omi ní omi?"

Mo gbójú sókè kíá, mo fẹ́ bò ó lẹ́nu. Etí wà lókè orí wa gan-an. Gílóòbù ò pọ́n. Obìnrin náà tún un sọ, ó gbóhùn sókè díẹ̀. Kò pọ́n.

"Ó ti bàjẹ́ láti àárọ̀," mo wí.

"Ta ló bàjẹ́?" ni Tísà bi mí. "Etí yẹn? Etí yẹn le koko. Mojíbádé, o ò tíì mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kankan má gbọ́ wa mọ́, ẹ̀rọ kankan ò sì gbọ́ wa mọ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ka ìwé mi sí i létí."

Mo dúró, mo ń wo ìdérí ìgò tó wà lára ògiri náà. Ogún ọdún ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́ etí, kò sì sí ìgbà kan tí mo rò ó débẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò tó ti jáde ò tíì lọ. Wọ́n dúró sí òdìkejì géètì, ọwọ́ wọn wà lára irin. Etí ṣì ń gbọ́ tiwọn, wọn ò lè tún ọ̀rọ̀ náà sọ, wọ́n kàn ń gbọ́ ni. Ìyá Àwẹ̀ró ń bá a lọ. Ó sọ èyí tó jẹ mọ́ aláǹgbá, ó sọ èyí tó jẹ mọ́ iyọ̀. Ó wá dé ibì kan, ó dúró.

"Bí mo bá sùn, Màámi…" Ó gbé ọwọ́ lé ètè. "Bí mo bá sùn…" Ojú rẹ̀ ń wá kiri nílẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù. "Ó ti lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ó ti lọ."

Ó gbójú sókè sí mi. Omi ti kún un lójú, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Ìwọ elétí," ó wí. "Mo kà á fún ọ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀, nínú òjò. Kí lo gbọ́?"

Mo nu imú mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bí mo bá sùn, Màámi," mo wí, "ta ni yóò máa jẹ́ èmi títí ilẹ̀ ó fi mọ́?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin. Mo ní kó má ṣèyọnu, ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá ni, òjò ọjọ́ náà sì pẹ́. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀.